Òkúta Tí Bàbá Mi Ní Òun Fẹ́ Fojú Rí

Inú ọjà Ọlíhà ní Bìní ni ìrora náà ti kọ́kọ́ mú un. Iṣu la wá rà. Mo ń bá ìyá oníṣu ná ọjà lọ́wọ́ nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn tí mo rí i pé àfẹ́sọ́nà mi ti lóṣòó mọ́lẹ̀ láàárín òkìtì iṣu, ó di ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ mú, òógùn sì bo gbogbo iwájú orí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nítorí ó máa ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà bí mo bá pẹ́ jù nídìí ọjà. Mo ní, "Dìde jàre, àwọn èèyàn ń wò wá." Kò dìde. Ó ní, "I no fit. Abeg, I no fit." Kò pẹ́ sí i ló bì sórí bàtà ara rẹ̀.

Ìyá oníṣu ló jí mi lójú oorun. Ó pariwo mọ́ mi, "My daughter, wetin you dey look? Carry am go hospital!" Mo fi iṣu sílẹ̀, mo fi àpò ọjà sílẹ̀, mo fà á lápá títí a fi rí ọkọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún lórí ìjókòó ẹ̀yìn, kò rí ibi tó lè fi ara lé. Ọkùnrin tí kì í ké bí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́ ń ké bí ọmọdé. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ń bínú sí i, bí ìṣe mi ṣe rí nìyẹn. Bí ẹ̀rù bá bà mí, ẹni tó bá sún mọ́ mi ni mo máa ń bínú sí.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní GRA la lọ. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ìrora rọlẹ̀, wọ́n ṣe sikáànì fún un, lẹ́yìn náà ni dókítà pè wá wọlé. Obìnrin tí kì í kánjú sọ̀rọ̀ ni dókítà náà. Ó ya àwòrán kíndìnrín sórí bébà, ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ibẹ̀ lọ sí àpò ìtọ̀, ó wá fi bírò kan ibì kan tó sún mọ́ ìsàlẹ̀ ìlà náà. Ó ní òkúta ló wà níbẹ̀. Ó ti kúrò nínú kíndìnrín, ó ń bọ̀ wá sínú àpò ìtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti há mọ́ ọn.

Mo béèrè bóyá wọn yóò fi ọ̀bẹ kàn án. Ó ní rárá, òkúta náà kéré, ó ṣeé ṣe kó jáde fúnra rẹ̀. Oògùn kan wà tí yóò ràn án lọ́wọ́. Oògùn náà kì í fọ́ òkúta o, ẹran ara tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká ló máa ń mú dẹ̀, kó má baà fún mọ́ òkúta náà. Kápúsù kan ni yóò máa lò lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Kó máa mu omi dáadáa, kó lo oògùn ìrora bí ó bá dé, kó sì máa fi asẹ́ sẹ́ gbogbo ìtọ̀ rẹ̀, kí òkúta náà má baà bọ́ sọnù láìjẹ́ pé a rí i. Bí ibà bá mú un, tàbí bí ìtọ̀ kò bá wá mọ́, tàbí bí ìrora bá ju agbára oògùn lọ, kó máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan bá sì kọjá tí òkúta kò jáde, wọn yóò fi irinṣẹ́ wọlé lọ yọ ọ́.

Bí a ti ń dìde lọ ló tún pè wá padà. Ó ní, "Ohun kan kù. Oògùn yìí máa ń mú kí òòyì kọ́ èèyàn. Bó o bá ti dùbúlẹ̀, má ṣe fò dìde. Kọ́kọ́ jókòó ná, jẹ́ kí orí rẹ wálẹ̀, kó o tó dúró." Àwa méjèèjì mi orí bí akẹ́kọ̀ọ́ rere. Olùkọ́ ni mí, ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń mi orí jù kì í sábà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n àwa gbọ́ ná. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá jí láàárọ̀, á kọ́kọ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á pè mí lórí fóònù pé, "Madam, I don siddon o. I never stand." Èmi náà á ní kó má yára.

Ní ilé kẹ́míìsì, ọmọbìnrin tó ń ta oògùn wo ìwé tí a mú wá, ó wo ojú àfẹ́sọ́nà mi, ó ní, "Na for your papa, abi?" Ó dáhùn pé òun ni yóò lò ó. Ọmọbìnrin náà fi ẹ̀rín pa mọ́ sẹ́nu, ó ní àwọn bàbá àgbà tí ìtọ̀ wọn kì í dá geere mọ́ lòun máa ń tà á fún. Dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀, pé oògùn kan náà ni, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Síbẹ̀ ojú tì í. Ó sáré ki páálí oògùn náà sápò kí ẹlòmíì tó rí i.

Ohun tó wá mú ọkàn mi dà rú ni pé ọjọ́ tí yóò wá rí bàbá mi ti sún mọ́lé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí bàbá mi jẹ́. Ará Èkìtì ni, ó ti pẹ́ ní Bìní ju ọjọ́ orí mi lọ. Òun ló kọ́ ilé wa tó wà ní Upper Sakponba, láti inú èrè ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ń tà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ń sọ èdè Bìní, ó ń sọ Pidgin, ó sì fẹ́ràn ìlú náà, ṣùgbọ́n ohun kan ń bí i nínú: àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ọmọ á máa gbọ́ Yorùbá, èdè Òyìnbó ló máa fi dáhùn, á ki ọwọ́ bọ àpò, á ní "Good morning, sir." Bàbá mi kì í dá irú wọn lóhùn. Ọkùnrin kan ti kọ́kọ́ wá tọrọ mi rí, lọ́yà ni, ó na ọwọ́ láti bọ bàbá mi lọ́wọ́. Bàbá mi wo ọwọ́ náà títí ó fi sú u, ó ní kí n lọ gbé omi wá fún àlejò kó lè máa lọ.

Ìyá mi ti kú, èmi nìkan ni mo kù nílé pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ọ̀rọ̀ ọkọ sì wà láàárín wa bí àga tí wọ́n gbé dí ẹnu ọ̀nà. Àdúrà òwúrọ̀ ló burú jù. A máa ń kúnlẹ̀ sí pálọ̀, bàbá mi á gbàdúrà, a ó ṣe àmín, èmi á dìde, òun á ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó máa ń pẹ́ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún, ọkọ ni, ọkọ tèmi. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ mi, màá máa wo ẹ̀yìn rẹ̀, inú á máa bí mi gidigidi. Mo fẹ́ kó dìde kó sọ ọ́ sí mi lójú.

Nígbà tí mo wá rí ẹni tí mo fẹ́, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Bìní náà ni. Ará Ọ̀ṣun ni àwọn òbí rẹ̀, bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń rán aṣọ ọmọdé tà. Ó ń kọ́ni ní yunifásítì, ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n bó bá ya ẹnu láti sọ ọ́, Pidgin ló ń jáde. Mo fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọ́ ọ. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ nílé ìyá rẹ̀, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ lọ́nà ti Èkìtì: àyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, ọwọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, èèyàn kì í fi orúnkún ṣe é lábọ̀. Ìyá rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, á ní, "Bí wọ́n bá ní kó o dìde, ta kébé dìde o, kí wọ́n má lọ rò pé ọ̀lẹ lo jẹ́." Ó ti mọ̀ ọ́n dáadáa kí òkúta tó dé. Lẹ́yìn òkúta, a ò fi dánra wò mọ́.

A ti sún ọjọ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀kan nítorí ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bàbá mi ní bí a bá tún sún un, kí onítọ̀hún má ṣe wá mọ́. Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún bàbá mi, pé ara ọkùnrin náà ò yá, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní n kò gbọdọ̀. Ó ní, "Ìwọ náà ọmọ Yorùbá ni. O mọ̀ pé kí wọ́n tó fún èèyàn lọ́mọ, wọ́n á wádìí irú àrùn tó wà nínú ìdílé rẹ̀. Bí o bá pe kíndìnrín, wọ́n á ní ó ti ń kú lọ. Jẹ́ kó kí wọn ná, kí wọ́n rí i pé ọmọ gidi ni. Òkúta á jáde, ọ̀rọ̀ á sì parí." Mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Gbogbo àdúrà mi ni pé kí ìrora náà má ṣe dé bí ó bá wà níwájú bàbá mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dé, òun àti ìyá rẹ̀. Bàbá mi jókòó sí àga rẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àǹtí mi yìí ló máa ń wá sílé wa bí ọ̀rọ̀ ńlá bá wà, ojú rẹ̀ kì í sì fo nǹkan. Nítorí omi tó ti mu, bí àfẹ́sọ́nà mi ṣe wọlé ló ní òun fẹ́ lọ sí ilé ìtọ̀. Mo mú un lọ. Ó fọwọ́ kan àpò ṣòkòtò rẹ̀ kó tó wọlé, asẹ́ tíì kékeré ló wà níbẹ̀. Nígbà tí a padà, àǹtí mi ń sọ fún bàbá mi pé, "Kò tíì kí wa tó ti ń béèrè ilé ìtọ̀."

Ó dọ̀bálẹ̀. Àyà rẹ̀ kan táìlì, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ẹ kú ọ̀sán, mà." Bàbá mi tújú ká. Mo mọ ojú náà, ó ti pẹ́ tí mo rí i kẹ́yìn. Dípò kó ní kó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè: ọmọ ta ni, láti agboolé wo, kí ni iṣẹ́ bàbá rẹ̀ nígbà tó wà láyé. Ó ń dáhùn láti ilẹ̀, ní Yorùbá tí mo ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúre lé e lórí. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ni mo ń wò. Mo ń wò bóyá yóò ká kò, bóyá ọwọ́ rẹ̀ yóò lọ síbẹ̀. Kò lọ. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé, "Bàbá, ẹ ṣe kíá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá."

Bàbá mi ní, "Ó dáa. Dìde, ọmọ mi."

Ọmọ mi! Kò pe ọkùnrin kankan bẹ́ẹ̀ nítorí tèmi rí. Àfẹ́sọ́nà mi ta kébé, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi funfun. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó wó lu tábìlì àárín, ìgò mọ́ọ̀tì fọ́, ó sì nà gbalaja sílẹ̀. Apá rẹ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbọ̀n.

Àǹtí mi ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga. Ó lọgun, "Wárápá! Wárápá ni! Ẹ má fọwọ́ kàn án o!"

Mo ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àǹtí mi fa ìró mi láti ẹ̀yìn, ó ní itọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn mí. Ìyá rẹ̀ ń pariwo, "Ebi ni! Kò jẹun láti àárọ̀!" Irọ́ ni, èmi ni mo wà lórí fóònù pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó ń jẹ iyán. Mo ń pe orúkọ rẹ̀, n kò gbọ́ ohùn ara mi. Lóòótọ́, mo rò pé ó ti kú. Mo rò pé òkúta ti ṣe nǹkan kan nínú rẹ̀, pé èmi ni mo sì máa sọ fún dókítà pé a jókòó sílé, à ń kí àgbà.

Ó la ojú. Ó ní, "Wetin happen?" Ó fẹ́ dìde.

Bàbá mi jágbe mọ́ ọn, "Má dìde! Dùbúlẹ̀ síbẹ̀!" Ó fa tìmùtìmù kan láti orí àga, ó ní kí n gbé e sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, kò ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Kí lo ń lò? Oògùn wo lo ń lò?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Kò lo oògùn kankan, sà. Ara rẹ̀ le."

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ní, "Ó ń lo oògùn, Dádì. Òkúta ló wà lójú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Oògùn tí yóò jẹ́ kó jáde ló ń lò. Kì í ṣe wárápá." Ìyá rẹ̀ wò mí bí ẹni pé mo tú u sí ìhòòhò láàárín ọjà. Bàbá mi na ọwọ́. Mo yọ páálí oògùn náà láti inú àpò àfẹ́sọ́nà mi, mo fi lé bàbá mi lọ́wọ́. Ó fi awò rẹ̀ sójú, ó kà á. Ó yí i, ó tún kà á. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó wọ yàrá lọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àǹtí mi náà rò bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti ń wá báàgì rẹ̀. Ó ń sọ sí mi létí pé Ọlọ́run ló bá wa tú àṣírí wọn, pé ẹni tó bá lè pa àìsàn mọ́ lè pa ohunkóhun mọ́. Mo kẹ̀yìn sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àfọ́kù ìgò.

Bàbá mi padà wá. Ó fi páálí wa sórí tábìlì. Ó fi páálí mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Àǹtí mi ní, "Bùọ̀dá mi, kí ni ìyẹn?"

Bàbá mi jókòó kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tèmi ni. Ìtọ̀ mi ò dá geere mọ́ láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, òun ni dókítà ní kí n máa lò." Ó yíjú sí mi. "O rántí ìgbà tí mo ní ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ló gbá mi níwájú orí? Kì í ṣe ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ mú ọṣẹ, mo yára dìde, ilẹ̀ ni mo bá ara mi. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá kúnlẹ̀, n kì í tètè dìde mọ́. Orí mi ni mo máa ń dúró dè."

N kò mọ ibi tí mo fẹ́ kojú sí. Gbogbo àárọ̀ tí mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì mi, tí mo ń bínú sí ẹ̀yìn rẹ̀! Ọkùnrin náà ń dúró kí òòyì fi òun sílẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún nínú ilé. Mo wo àfẹ́sọ́nà mi tó ṣì wà nílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí tìmùtìmù. Dókítà ti sọ fún wa, àwa méjèèjì sì gbọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì ni a rò pé ó ń bá wí. Kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wa pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà ti dùbúlẹ̀ náà nìyẹn. Dókítà fúnra rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, kò lè mọ̀ láti kìlọ̀ rẹ̀ fún wa.

Inú mi ti fẹ́ dùn nígbà tí bàbá mi le ojú. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ wọ ilé mi, ẹ sì parọ́ fún mi. Mo ní kí lo ń lò, wọ́n ní kò lo nǹkan kan." Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àǹtí mi ní oògùn lè jọra o, ìyẹn ò ní kí wárápá má sí níbẹ̀, apá rẹ̀ gbọ̀n, ojú òun ló ṣe. Bàbá mi tún wo páálí méjèèjì náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa. Bó bá jẹ́ òkúta ni, yóò jáde. Bó bá jáde, ẹ gbé e wá kí n fojú ara mi rí i, kí àbúrò mi náà rí i. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, títí di ọjọ́ náà." Ó wá tọ́ka sí àfẹ́sọ́nà mi. "Ìwọ, o ò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí òkúta náà yóò fi jáde. Títí kan èmi. Jókòó, kó o kí mi lórí àga."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mi wà nínú asẹ́ tíì. Mo mọ̀ pé ó pani lẹ́rìn-ín, èmi ò lè rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó gbé asẹ́ náà lọ sí ibi iṣẹ́, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń mu omi, ó ń lo kápúsù rẹ̀, ó ń sẹ́ ìtọ̀, kò rí nǹkan kan. Ìrora á dé, á ká a kò, á tún lọ. Nígbà kan òtútù mú un lójijì, mo sáré lọ sílé wọn, mo ki tẹmómítà bọ̀ ọ́ lábíyá. Kò sí ibà, fáànù ló tan sí ara rẹ̀ lẹ́yìn tó wẹ̀. Mo bú u dáadáa.

Ní ilé wa, bàbá mi á máa fi ṣíbí ro ẹ̀kọ, á ní, "Ṣé ó ti jáde?" Mo ní rárá. Á ní, "Kó má jẹ́ kó bọ́ nù o." Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo fi ìbínú bi í pé, ní gbogbo ìgbà tó fi ń pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, ṣé kò tiẹ̀ gbàdúrà kankan nítorí tèmi. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. Ó ní, "Nígbà tí mo ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí n kò lè dìde, kí lo rò pé mo ń ṣe?" Mo sáré gbé báàgì mi, mo jáde, kó má baà rí ojú mi.

Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ dókítà, ó ní òkúta náà ti sọ̀ kalẹ̀ sí i, ó ti dé ẹnu àpò ìtọ̀. Ó fún un ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Bí kò bá jáde, wọn yóò fi irinṣẹ́ gba ojú ara wọlé, wọn yóò fọ́ ọ níbẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi di ìdí àga mú. Èmi ń ro nǹkan mìíràn. Bí wọ́n bá fọ́ ọ túútúú, kí ni a ó gbé lọ fún bàbá mi? Àǹtí mi á ní, "Mo sọ fún yín." Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo ń ṣi í kọ sójú pátákó, àwọn ọmọ náà ló ń tún mi ṣe.

Ọ̀sán ni ó pè. Mo wà ní kíláàsì, n kì í gbé fóònù ní kíláàsì, ṣùgbọ́n mo gbé e. Èémí rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Mo ní, "Sọ̀rọ̀! Kí ló ṣe ọ́?" Ó ní, "E don drop. I hear am. E sound for inside the sieve." Mo gbàgbé pé àwọn ọmọ wà níwájú mi, mo pariwo, "Má jẹ́ kó bọ́ nù o! Má tíì fọ ọwọ́!"

Ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n tún ṣe sikáànì, ọ̀nà ti mọ́. Wọ́n ní kó ṣíwọ́ kápúsù náà. Dókítà fẹ́ gba òkúta náà láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò, àfẹ́sọ́nà mi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbé e lọ fi han ẹnì kan.

Sátidé ni wọ́n tún wá. Bàbá mi ní kí n gbé àwo funfun kan wá. Àfẹ́sọ́nà mi ṣí ike oògùn kékeré kan, ó da òkúta náà sínú àwo. Kò ju èérún ìrẹsì lọ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki. Bàbá mi gbé awò rẹ̀ sójú, ó tẹ orí wò ó. Ó ní, "Ṣé èyí ló fẹ́ pa ọ́?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bàbá mi gbé àwo náà fún àbúrò rẹ̀. Àǹtí mi wò ó, ó fi èékánná kàn án, ó gbé àwo náà sílẹ̀. Ó ní kí n bu omi fún òun.

Bàbá mi kò sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́." A kúnlẹ̀ sí pálọ̀, gbogbo wa. Ó gbàdúrà, kò gùn bí èyí tó máa ń gbà láàárọ̀. A ṣe àmín. Àǹtí mi dìde, ìyá rẹ̀ dìde, èmi náà dìde. Bàbá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó fọwọ́ ti ìjókòó àga, ó di ojú. Àfẹ́sọ́nà mi náà kò dìde. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, kò gbàdúrà.

Bàbá mi la ojú, ó rí i. Ó ní, "Ìwọ ti ṣíwọ́ oògùn tìrẹ. Kí lo tún ń ṣe nílẹ̀?"

Ó wá ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, mo mọ̀ pé Pidgin ló kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. N kò kọ́ ọ ní èyí tó sọ. Ó ní, "Mo ń dúró dè yín, sà."

Bàbá mi gbé ọwọ́ lé e léjìká, kó lè fi gbára lé e, ṣùgbọ́n kò tíì dìde. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní kó bá òun mú kàlẹ́ńdà wá, kí àwọn lè wá ọjọ́ tí àwọn èèyàn ọmọ náà yóò wá tọrọ mi. Àǹtí mi lọ yọ ọ́ lára ògiri, ó sì gbé e wá bá wọn níbi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí.